Ẹ̀wà Tó Hù Lọ́nà Oǹdó

Alága wa lónìí, Olóyè Lágúnjú, ẹni tó ni ọgbà tí a jókòó sí yìí, tó sì ti jẹ́ ọ̀gá mi fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin àgbààgbà Ìrẹ̀mọ tí ẹ fi ilé yín sílẹ̀ nínú ọyẹ́. Bàbá Ìjọ àti Ààfáà, tí ẹ jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo tí ẹ sì jọ ń pín kóòtù kan bora. Àlájà Hàjàrá, ìyá ẹlẹ́wà láti Sábó. Ẹ̀yin awakọ̀ ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọgbà wa. Fọláyọ̀ ìyàwó mi, tó ti ṣẹ́jú sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n má ṣe pẹ́ jù. Àti ìwọ, Láoyè wẹ́dà, ará Ilare, tí o jókòó sẹ́bàá géètì pẹ̀lú fìlà lórí itan. Mo rí ọ. O ṣeun tí o wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ojú lọ́nà.

Ẹ dárí jì mí bí ohùn mi bá ń lọ tó ń bọ̀. Láti òwúrọ̀ tí ọyẹ́ ti bo òrùlé àdúgbò yìí mọ́lẹ̀ ni ó ti ń ṣe mí bí ẹni pé oorun kò tíì dá lójú mi. Mo ń rí yín, ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa ń rí ọ̀nà Oǹdó ní àárọ̀ oṣù kìn-ín-ní ni mo ṣe ń rí yín. Ẹni tó sún mọ́ mi hàn kedere, ẹni tó jìnnà di òjìji, ẹni tó jìnnà jùlọ, bóyá èèyàn ni, bóyá igi ni, Ọlọ́run ló yé. Kò sì bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ti pẹ́ lójú títì mọ̀ pé a kì í sáré nínú ọyẹ́. Bí a bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, òjìji yóò di igi, igi yóò kọjá, ọ̀nà yóò sì máa ṣí níwájú ẹni. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò lè máa bi ara yín pé, irú iṣẹ́ wo gan-an ni bàbá yìí ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀? Ẹ wo ẹ̀yìn yín. Ṣé ẹ rí Pijó 504 funfun yẹn? Mọ́tò tí ọ̀gá iléèwé ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ni, mọ́tò tí ìyàwó ilé ń gbé lọ sọ́jà. Òun ni mo fi ń fa ẹrù tó wúwo. Tirela kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a so mọ́ ìdí rẹ̀ yẹn, ọmọlẹ́yìn là ń pè é nínú ọgbà yìí, nítorí ibi tí ọ̀gá rẹ̀ bá lọ ni òun náà ń lọ. Mo ti fi fa jẹnerétọ̀. Mo ti fi fa tánkì omi ní ìgbà ọ̀dá, tí àwọn obìnrin ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sáré tẹ̀lé mi láti Ilare. Mo ti fi fa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré. Mo ti fi kó àgbò láti Sábó, àwọn àgbò náà dojú kọ ẹ̀yìn, wọ́n ń wo ọ̀nà tí a ti kọjá bí àwọn àgbàlagbà tó ń ronú nípa ìgbà èwe wọn.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà tí mo wọ ọgbà yìí ní ọdún 1970. Bọ̀lẹ̀kájà ni mo ti ń wà tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mi yá, ẹnu mi sì yá ju ẹsẹ̀ lọ. Olóyè kò tíì joyè nígbà náà, Lágúnjú Oníjẹnerétọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé o mọ ọkọ̀ wà?” Mo ní, “Bí ẹ bá fún mi ní ìjókòó àti sìtíárìn, ẹ lè fi táyà sílẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà mí. Olóyè, ẹ ṣé. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀yin lẹ ń gbé oúnjẹ wá fúnra yín, ẹ kì í rán ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní òun ní ọ̀gá, kó wá fi ọ̀gá tirẹ̀ wé tèmi.

Ní ọdún 1978 ni Pijó yìí dé. Ó ń dán, ó ń rùn bí bàtà tuntun. Olóyè ní ká wá ẹni tí yóò bá wa jó irin ìfà mọ́ ìdí rẹ̀, irin tí tirela yóò máa so mọ́. Gbogbo ẹni tí a bi léèrè, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá: Láoyè, ní Ilare. Ẹ̀yin ọmọdé òde òní, ẹ ò mọ Láoyè ìgbà náà. Bí ó bá jó géètì, ẹ ò ní rí ojú ibi tó ti jó o. Ọjọ́ tó parí irin ìfà wa, ó ní kí èmi àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta mìíràn gun orí rẹ̀, ó ní ká máa fò. Àwa àgbà mẹ́rin ń fò lórí irin bí ọmọ jẹ́léósinmi. Irin ò mira.

Láoyè yìí náà ló kọ́ mi ní ohun tí ìwé kò kọ́ mi. Sẹ̀kínát, súnmọ́ ibí, nítorí ìwọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó dáadáa. Sẹ̀kínát, ìyá ọmọ mẹ́ta, tó fi ọdún mẹ́jọ wa takisí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, òun ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lónìí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé obìnrin kò lè fi tirela rìn sẹ́yìn. Àárín ògiri méjì ní Ilare, níbi tí èmi fúnra mi máa ń bẹ Ọlọ́run kí n tó wọ̀ ọ́, ó fi tirela rìn sẹ́yìn wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn wá àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ti lọ mu omi.

Ọmọ mi, gbọ́. Ọmọlẹ́yìn kò gbọdọ̀ wúwo ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù, iwájú táyà tirela ni kó wà, kí ẹnu tirela lè tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí ọmọ tó gbé àgbọ̀n lé èjìká ìyá rẹ̀. Máa yẹ táyà wò kó o tó yẹ ojú ara rẹ wò nínú díńgí. Ṣéènì méjì ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí irin. Jẹ́ kí wọ́n ré kọjá ara wọn lábẹ́, tó jẹ́ pé bí ohun gbogbo bá já, ọwọ́ wọn ni ẹnu tirela yóò bọ́ sí. Máìlì ogójì ní wákàtí kan ti tó ọ. Bí o bá fẹ́ sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, orí òkè ni kó o ti lọ sí jíà kékeré, má dúró dìgbà tí ẹrù bá ń tì ọ́. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún lẹ́yìn rẹ, má tẹ bíréèkì lójijì. Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò, di sìtíárìn mú gbọọrọ, jẹ́ kó jó títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìbéèrè. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yìí mọ̀ ọ́n. Láoyè ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó so tirela kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé ó ti so. Kó tó wọnú mọ́tò, yóò pe ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìyá tó ń gbálẹ̀, yóò bi í pé, “Ó dì í mú?” Ẹni náà yóò gbé ọwọ́ lé e, yóò mì í, yóò wo ṣéènì, yóò sì dáhùn pé, “Ó dì í mú.” Ìgbà náà ni a tó lè lọ. Láoyè ní ojú ẹni tó so ó ti rẹ̀, kò lè rí àṣìṣe ara rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ń pè mí ní Bàbá Rọra. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ ń sọ pé bàbá kì í sáré, bàbá gbọ́n, bàbá ti dàgbà. Ẹ sọ fún mi, ọdún wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀? Ta ló rántí? Èmi rántí. Ọdún 1990 ni. Kí ó tó dìgbà náà, Ògúnwálé Ọlátẹ́jú kì í rọra rìn, ẹ bi Fọláyọ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n ló mú mi máa rọra. Ẹ̀rù ni.

Aago ògiri kan ló wà lórí tábìlì Olóyè yìí. Ó lẹ́wà, góòlù ni etí rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí Olóyè ti ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára fún gbogbo wa: “Fún Ògúnwálé Ọlátẹ́jú, awakọ̀ aláìlẹ́bi.” Ẹ pàtẹ́wọ́. Mo rí Láoyè náà tó pàtẹ́wọ́. Olóyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbé aago náà fún mi. Ẹ jẹ́ kó wà lórí tábìlì ná. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tíì pé ọdún méje, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń dùn ún.

Ọjọ́ Ajé ni, oṣù kìn-ín-ní ọdún 1990, ọyẹ́ bíi tòní. Àlájà Hàjàrá ní ká bá wọn gbé àpò ẹ̀wà mẹ́wàá lọ sí Oǹdó. Ẹrù náà kò pọ̀ jù. Mo tò ó bí Láoyè ti kọ́ mi, àpò mẹ́fà síwájú táyà, mẹ́rin sẹ́yìn, ìdí Pijó sì wálẹ̀ díẹ̀ bó ti yẹ kó wálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀yẹ́ mi. “Bàbá, ìdí mọ́tò yín ti wọlẹ̀! Ṣé ó fẹ́ yé ẹyin ni?” Wọ́n ń ké bí adìyẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo nífẹ̀ẹ́ Pijó yẹn ju bó ti yẹ kí èèyàn nífẹ̀ẹ́ irin lọ. N kò fẹ́ kó gba ìlú kọjá pẹ̀lú ìdí nílẹ̀. Mo padà sórí tirela, mo wọ́ àpò mẹ́ta láti iwájú lọ sẹ́yìn pátápátá. Mọ́tò nàró bí ọ̀gá sójà. Mo yí i po, mo wò ó, inú mi dùn. Mẹ́ta péré ló kù síwájú táyà, méje ti wà lẹ́yìn.

Ṣéènì méjèèjì wà nínú búùtù. Mo ní n óò so wọ́n bí mo bá débi tí mo ti fẹ́ ra epo. Mo ra epo, mo gbàgbé. Ìbéèrè ńkọ́? Ìyá tó ń gbálẹ̀ wà ní ìtòsí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò béèrè ṣéènì. Mo dúró lẹ́yìn mọ́tò èmi nìkan, mo ní, “Ó dì í mú?” Mo tún ní, “Ó dì í mú.” Mo bi ara mi, mo dá ara mi lóhùn, mo wọlé, mo lọ.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà kí á tó dé Garaji Olóde, níbi tí oko kòkó ti dé etí títì. Mo wà lórí máìlì ọgọ́ta, mo ń kọrin. Tirela bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín, jù sọ́hùn-ún, nítorí ìdí rẹ̀ wúwo, ẹnu rẹ̀ sì fúyẹ́, ó ń gbé ìdí mọ́tò sókè, ó ń fà á kiri. Mo tẹ bíréèkì. Mo gbọ́ ohun kan tó ta kán-ún, lẹ́yìn náà mọ́tò fúyẹ́, ohun gbogbo sì dákẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún yín. Mo wo fèrèsé ọwọ́ òsì mi. Tirela kan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọyẹ́, láìsí mọ́tò níwájú rẹ̀, láìsí ariwo, ó rọra ń kọjá mi lọ. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ta ló ni tirela tó dára báyìí? Àwọ̀ búlúù rẹ̀ jọ tiwa. Àpò rẹ̀ náà jọ ti Àlájà. Ó ti kọjá iwájú mọ́tò kí n tó mọ̀ pé tèmi ni.

Ó gé títì kọjá, ó wọnú oko kòkó, ó kọlu igi, àpò bẹ́, ẹ̀wà sì tú jáde, ó ń ṣàn nínú ewé gbígbẹ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Abẹ́ igi yẹn ni àwọn ọmọ iléèwé máa ń dúró sí láràárọ̀. Ọyẹ́ ló dá wọn dúró sílé lọ́jọ́ náà. Mo bá ẹni ilé wọn pàdé. Ó ní ìyá wọn ń se omi gbígbóná fún wọn lọ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ì bá ti wà níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ríran o. Mo rí búùtù mọ́tò. Kí Olóyè tó dé, mo mú ṣéènì méjèèjì jáde, mo so wọ́n mọ́ ẹnu tirela, mo fi erùpẹ̀ pa wọ́n lára, kó lè dà bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀ láti àárọ̀, tí wọ́n kàn bá irin já.

Olóyè dé. Wọ́n wo ìdí Pijó, wọ́n rí i pé ibi tí Láoyè jó ti ya. Wọ́n ní, “Ògúnwálé, kí ló ṣẹlẹ̀?” Mo ní, “Irin ló já.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Irin sì já lóòótọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú rí i. Ṣùgbọ́n kí ló já irin tí ọkùnrin mẹ́rin fò lórí rẹ̀ tí kò mira? Ìgbéraga mi ló já a, àpò mẹ́ta tí mo wọ́ sẹ́yìn ló já a, máìlì ọgọ́ta àti orin ló já a. N kò sọ ìyẹn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Láoyè. Ó wo irin. Ó wo ṣéènì. Ó wo ibi tí àwọn àpò ṣubú sí. Ó wá wo ojú mi, ó sì bi mí ní ohun kan ṣoṣo. Ó ní, “Ògúnwálé, ṣé o bi ẹnì kan?” Mo ní, “Mo bi.” Ó mi orí, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Láoyè, láti ọjọ́ náà, o ò pe orúkọ mi mọ́. Bí a bá pàdé, o máa ń ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” bí ẹni tó ń kí àjèjì.

Ẹ̀yin tó kù mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣe géètì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kó tó pé ọdún kan, ṣọ́ọ̀bù Ilare ti di títì, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iná gba oko lọ. Èyí tó burú jù ni pé a sọ orúkọ rẹ̀ di òwe. Nínú ọgbà yìí, bí ẹnì kan bá ṣe iṣẹ́ játijàti, kí la máa ń sọ? Ẹ má wolẹ̀. A máa ń ní, “Má ṣe irin Láoyè fún mi o.” Èmi náà gbọ́ ọ, èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, mo sì gba èyí tí Láoyè ní, mo fi bo ìhòòhò ara mi. Ẹ lọ wo gbogbo géètì tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní Ilare àti Ìrẹ̀mọ. Èwo ló ti já?

Ní oṣù kẹrin ọdún náà, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀wà ti hù. Ó hù láti etí títì wọnú oko, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń fà mọ́ ara igi kòkó. Ẹni tó ń kọjá yóò rò pé ẹnì kan ló gbìn ín. Mo dúró, mo pa mọ́tò, n kò lè kúrò. Ní ọdún kejì, ó tún hù, kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Mo já pódi kan, èèpo tí ẹ̀wà ń wà nínú rẹ̀, mo tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àlá ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àlá, mo ń wakọ̀ nínú ọyẹ́, tirela yóò máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yóò máa kọjá mi lọ, Láoyè yóò sì jókòó sórí àwọn àpò, yóò tẹ̀ sí fèrèsé mi, yóò ní, “Ṣé o bi ẹnì kan?” Fọláyọ̀ á jí mi. Á ní, “Ọkọ mi, ohun yòówù tó ń lé ọ yìí, dúró kí o dojú kọ ọ́.”

Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ sílé Láoyè láti dúró kí n dojú kọ ọ́. Ó fún mi lómi, mo mu ún. Mo kí i kú ọyẹ́. Mo rí ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ lábẹ́ tapólì lẹ́yìnkùlé, adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo lè sọ ni pé, “Mo ń fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Sátidé, jọ̀ọ́ wá.” Ó ní òun á wá. Ó wá. Ẹ ò rí irú èèyàn tó jẹ́?

Olóyè, mo purọ́ fún yín. Mo jẹun lọ́wọ́ yín, mo sì purọ́ fún yín. Àlájà Hàjàrá, ẹ fi ọwọ́ yín síbí. Ẹ̀wà méje rèé, láti inú pódi yẹn, wọ́n ti wà lápò mi láti àárọ̀. Òun ló kù nínú ẹrù yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Àlájà, mo ń sunkún. Ó dára, ẹ rẹ́rìn-ín. Aago yìí, Olóyè, ẹ bá mi dá a padà. Ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tèmi.

Láoyè, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí, eékún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ níwájú gbogbo wọn. Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ má gbé mi. Irin rẹ kò ní ẹ̀bi. Èmi ni mo já a. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá tún fi orúkọ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọgbà yìí, irọ́ mi ló ń pa ní àpatúnpa. N kò ní kó o dárí jì mí lónìí. Ọdún méje pọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́.

Ẹ gbé mi dìde. Ẹ ṣeun.

Ẹ wo Pijó yẹn. Tánkì omi tó kún dẹ́nu ló wà lẹ́yìn rẹ̀, Sẹ̀kínát ni yóò gbé e jáde bí a bá parí, ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá awakọ̀. Èmi ni mo so ó láàárọ̀ yìí, ìsokẹ́yìn mi. Láoyè, mo ń bi ọ́ ní ìbéèrè tí n kò bi ẹnikẹ́ni ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dì í mú?

Ẹ má bá a dáhùn. Ẹ jẹ́ ká dúró.

Ó ti dìde. Ẹ yà fún un, ẹ̀yin ọmọdé, ẹ yà. Ó ti gbé fìlà lé orí àga. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí mọ́tò. Ó gbé ọwọ́ lé irin, ó ń mì í. Ó ń wo abẹ́. Láoyè, kí lo wí? Sọ ọ́ sókè.

Ẹ gbọ́ o! Ó ní kò dì í mú. Ó ní ìkọ́ ṣéènì ọwọ́ òsì kò wọlé tán. Ta ló so ó? Èmi náà ni. Bàbá Rọra. Ẹ ò rí nǹkan bí? Bó bá jẹ́ pé mo tún dá ara mi lóhùn ńkọ́? Sẹ̀kínát, ṣé o gbọ́? Ojú ẹni tó so ó ti rẹ̀.

Ó ń tún un ṣe. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun mú un. Ọwọ́ yẹn kò gbàgbé iṣẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bó ti ń tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà. Olóyè, ọgbà yín kò ní di ahoro. Àlájà, ọjà yín kò ní kùtà. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ ó máa bá ọmọ yín nílé, ọmọ yín ó sì máa bá yín. Ohun tí a bá so pọ̀ kò ní já lọ́wọ́ wa lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ojú wa bá sì rẹ̀, Ọlọ́run kò ní fi ẹni tí yóò bá wa wò ó dù wá. Àmín o.

Ó ti nàró. Ó ń nu ọwọ́. Ó ń wò mí.

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.

Ó ní, “Ògúnwálé, ó dì í mú.”

Orúkọ mi ló pè. Fọláyọ̀, ṣé o gbọ́? Orúkọ mi ló pè.

Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé, gbogbo yín. Sẹ̀kínát, kọ́kọ́rọ́ rèé. Rọra máa lọ.